Ọkọ̀ Àlòkù àti Ẹ̀rọ Tí Kò Rómi Mu

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ìyá mi ohun tí mo lọ ṣe ní Dubai, wọ́n á ní ìwé ni mo lọ kà. Òótọ́ ni, mo kàwé. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì tí mo débẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kó owó jọ, a fi ra ọkọ̀ ojú omi. N kò tíì sọ fún ìyá mi títí di òní, torí mo mọ ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí: ta ló ń lé ọ?

Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ló kó bá mi. Ilé-iṣẹ́ kan wà létí òkun tí àwọn olówó ti máa ń wá gun pátákó lórí omi. Ọkọ̀ á máa sáré lọ níwájú, okùn gígùn á wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó di okùn mú á dúró lórí pátákó tí wọ́n so bàtà mọ́, á wá máa yọ̀ gọ̀rọ̀ lórí ìgbì tí ọkọ̀ ń dá sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pín jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí n rí i pé wọ́n fọwọ́ síwèé, kí n sì fọ pátákó nígbà tí wọ́n bá lọ tán. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan kò wá, epo sì ti wà nínú ọkọ̀, ni ọ̀gá wa bá ní kí n bọ́ sómi. Mo ṣubú nígbà mọ́kànlá. Ní ẹ̀ẹ̀kejìlá, mo dúró fún ìwọ̀nba àsìkò tí èèyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ayé mi ti bàjẹ́. N kò lè fẹ́ràn nǹkan mìíràn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀ lè bọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀dìsípéèsì ni èmi ń gbé ní Satwa, àwa mẹ́fà nínú yàrá kan, tí àpótí aṣọ mi ń gbé lábẹ́ ibùsùn ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìkòròdú tó dàgbà sétí ọ̀sà, ló dá àbá náà.

Ó ní, "Dípò ká máa sanwó fún ọkọ̀ olówó, ṣebí ká kúkú ra tiwa. Second-hand ni gbogbo nǹkan tá a ní tẹ́lẹ̀. Fóònù mi, second-hand. Mátírẹ́ẹ̀sì ẹ, second-hand. Boyfriend ẹ gan-an..."

Mo ju ìrọ̀rí lù ú kó tó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí mi lára. A lọ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ omi, àwa méjèèjì, a sì fi oṣù mẹ́wàá tọ́jú owó. Ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní dáàlì là ń jẹ, títí tí ọkùnrin tó ń tà á nísàlẹ̀ ilé wa fi ń bu tiwa sílẹ̀ kí á tó dé.

Ọjà ọkọ̀ omi àlòkù tí agbára wa ká, Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, ló wà. Sharjah náà sì ni ẹ̀gbọ́n wà. A kò bára tan o. Ọmọ ìlú ìyá mi ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní ogún ọdún nídìí mọ́tò àlòkù ní Industrial Area. Wọ́n á rà á níbẹ̀, wọ́n á tú òmíràn palẹ̀, wọ́n á kó o sínú kọ̀ǹténà, ó di Èkó. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí mo mọ̀ ní agbègbè yẹn tí kò ní nọ́ńbà wọn. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé, àwọn ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn, àwọn ló jókòó tì mí títí tí wọ́n fi yọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a fẹ́ ra ọkọ̀, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n wá ní igun kan wà ní yáàdì àwọn tí a lè gbé e sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó wá fi sílẹ̀ tí a ó lọ dá ọjà ná?

Ọjọ́ tí a lọ wo ọkọ̀, ọ̀rẹ́ mi ní ìdánwò, èmi àti ẹ̀gbọ́n nìkan la lọ. Ibẹ̀ jẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì kan láàárín àwọn tó ń ta jíà àti àwọn tó ń ta táyà. Bàbá ará Pakistan kan ló ni ín, àgbàlagbà tó fi làálì kun irùngbọ̀n rẹ̀ tó fi pọ́n bí epo. Ọkọ̀ náà wà lórí tírélà kékeré tí wọ́n fi ń wọ́ ọ. Funfun ni àwọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Àga rẹ̀ ti ya, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló rọ̀ sí i nídìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, torí bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ mi nínú mọ́tò nìyẹn.

Bàbá fún wa ní tíì oníwàrà. Kò pẹ́ tí wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé orí àga ọkọ̀, wọ́n ní kí a máa wo gbogbo ibi tó bá wù wá, pé bí àwọn bá kírun tán, a ó jọ tan ẹ̀rọ náà wò. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀ fún àjèjì méjì, wọ́n sì lọ.

Bí wọ́n ṣe yẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mú kọ́kọ́rọ́.

"Àbúrò, wá kọ́ṣẹ́," wọ́n ní. "Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún ẹ, tó ní kó o dúró kí òun wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sítáàtì ẹ̀, ó ní nǹkan tó fẹ́ bò. Cold start la fi ń mọ ẹ̀rọ. Ká bá a láìròtẹ́lẹ̀, ká gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ní ti mọ́tò, òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọkọ̀ omi kì í ṣe mọ́tò. Omi òkun gan-an ni ẹ̀rọ náà ń fà mu láti fi tu ara rẹ̀ bó ti ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà kékeré kan ló ń fa omi náà sókè. Bí ẹ bá tan án lórí ilẹ̀ láìkọ́kọ́ so páìpù omi mọ́ ọn, rọ́bà náà á jó, ẹ̀rọ á sì gbóná kọjá agbára rẹ̀. N kì í ṣe ẹni tó gbọ́ èyí lẹ́nu ènìyàn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni èmi fúnra mi ń so páìpù mọ́ ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ kí a tó tan án láti fọ iyọ̀ inú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá omi..."

"Dákẹ́ ná, àbúrò. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

Mo sì dákẹ́. Ẹ má bi mí ní ìdí, torí èmi náà ti bi ara mi títí. Ìyá mi ti fi ọ̀rọ̀ kan sí mi létí ní pápákọ̀ òfuurufú kí n tó kúrò nílé, nítorí wọ́n mọ bí ahọ́n mi ṣe mú tó: "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ẹni tó jókòó tì mí nílé ìwòsàn ló ní kí n dákẹ́. Ṣé èmi ọmọ àná ni mo fẹ́ máa kọ́ ògbóǹtarìgì nípa ẹ̀rọ?

Ẹ̀rọ náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n di ojú, wọ́n gbé ọwọ́ lé irin tó ń mú ẹ̀rọ sáré, wọ́n ń tì í sókè, wọ́n ń fà á sílẹ̀, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Èmi ń wo ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, níbi tó yẹ kí omi ti máa tú jáde. Kò sí ẹ̀kán omi kan. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó yá, òórùn rọ́bà tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

"Ìdọ̀tí ara ẹ̀ ló ń jó dànù," ni ẹ̀gbọ́n wí, wọ́n sì pa á. "Ẹ̀rọ gidi nìyí. Ó le bí ẹfọ̀n."

Nígbà tí bàbá dé láti mọ́sáláṣí, wọ́n ń wọ́ páìpù omi bọ̀ kí a lè jọ tan ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí wọn, wọ́n ní, "Khalas, bàbá. No need. We trust you." Ẹ̀gbọ́n ṣẹ́jú sí mi. Ó wú bàbá lórí débi pé wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n sì dín owó ọkọ̀ náà kù láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Nígbà tí a forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ tán, tí a sanwó ìbánigbófò rẹ̀, a gbé e lọ sí èbúté àwọn apẹja ní Jumeirah, èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Mo ti wọ jákẹ́ẹ̀tì. Mo ti gbé pátákó tí mo rà lọ́wọ́ ọ̀gá mi dání. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la lò lórí omi tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíín. Ọ̀rẹ́ mi pa á kíá. Apẹja kan ló fi okùn wọ́ wa padà, tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní èdè tí a kò gbọ́, a sì bá a rẹ́rìn-ín torí kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe.

Mẹkáníìkì tó wà létí èbúté tú ìdí ẹ̀rọ náà. Ó gbọn rọ́bà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ó dúdú bí èèpo iṣu tó jóná. Ó béèrè pé ta ló tan ẹ̀rọ yìí láìsí omi. Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo ń wo òkun. Mẹkáníìkì ní ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ọ̀rẹ́ mi kò mọ nǹkan kan, ó pe ẹ̀gbọ́n, ó ní ẹ̀rọ ti jóná. Kò tó wákàtí kan tí ẹ̀gbọ́n fi dé. Ojú wọn ti pọ́n.

"Bàbá onírùngbọ̀n pupa yẹn ni! Wàyó ló ṣe fún wa! Mo ní kí ló dé tó yára dín owó. Àbúrò, wọlé, ká lọ gba owó ẹ. Yalla!"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo wọ mọ́tò, mo de bẹ́líìtì. Láti Jumeirah dé Sharjah, nínú gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn, mo ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ikùn mi, bó bá sì ti dé ọ̀nà ọ̀fun, mo gbé e mì. Wọ́n ń lọ pe aláìṣẹ̀ lólè, èmi tí mo mọ̀ pé kò jalè sì jókòó pẹ̀lú wọn bí ẹlẹ́rìí. Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n, mo bínú sí ara mi jù wọ́n lọ.

Gẹ̀ẹ́sì àjákù ni ẹ̀gbọ́n àti bàbá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, n óò sọ ọ́ ní Yorùbá kó lè yé wa. Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ kí bàbá. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ òkú lo tà fún àwọn ọmọdé, ẹlẹ́tàn ni ọ́, ìwọ tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́. Àwọn oní-táyà fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá ń wòran. Bàbá kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tó yé wọn pé olè ni wọ́n ń pe àwọn, wọ́n dìde.

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà ní òpópónà yìí," ni wọ́n wí, kò sì sí ariwo nínú ohùn wọn. "Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Gba owó rẹ. Ọkọ̀ náà, máa mú un lọ pẹ̀lú. Má ṣáà fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún mi níbí."

Bàbá fa dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó owó sí. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́.

N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Bàbá, ẹ má fún wọn," mo ní. "Èmi ni. Nígbà tẹ́ ẹ lọ kírun, mo tan ẹ̀rọ yẹn lórí ilẹ̀ láìfún un lómi. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ kò jẹ̀bi nǹkan kan."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wà lókè bó ṣe wà. Mi ò wo ojú wọn. Mo kàn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Irọ́ ni mo pa, ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì ti mọ òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ báyìí. Bí mo bá sọ pé ẹ̀gbọ́n ni, lójú àwọn oní-táyà tí wọ́n jọ ń ṣòwò lójoojúmọ́, mo ti já wọn sí ìhòhò. Bí mo bá sì dákẹ́, mo ti bá wọn ja bàbá yìí lólè. Èyí tí mo lè gbé ni mo gbé.

Bàbá wò mí pẹ́. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n náà. Wọ́n ti dúrọ́ọ̀ wọn padà.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "omi là ń kọ́kọ́ fún un. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá, èèyàn á fún un lómi kó tó gbé ẹrù lé e."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Yalla, ká máa lọ." Wọn kò tan rédíò títí a fi dé Satwa. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo kí wọn pé ẹ ṣeun, wọ́n ní ó dàbọ̀, wọ́n sì wa mọ́tò wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi gbóhùn wọn. Ẹni tó máa ń pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ láti béèrè bóyá mo ti jẹun! Mo pè, wọn kò gbé e. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kò dùn mí pé wọ́n jẹ́ kí n ru ẹrù náà. Irọ́ tún ni, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ń sùn dáadáa, èyí tí n kò lè ṣe láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀ náà. Mo gba iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú mọ́ ti Sátidé, ọ̀rẹ́ mi náà ń ṣe tirẹ̀, mẹkáníìkì sì tún ẹ̀rọ náà ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, òkun tẹ́ pẹrẹsẹ, a sọ ọkọ̀ sómi. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀, kó kọjú sẹ́yìn, kó máa ṣọ́ ẹni tó wà lórí pátákó. Ọ̀rẹ́ mi ló máa wakọ̀, a sì ń wá ẹni kẹta. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Ni mo bá rí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń bọ̀ lórí afárá onípákó pẹ̀lú bàtà aláwọ wọn. Èèyàn tí n kò rí kó fẹsẹ̀ kan omi òkun rí! Wọ́n kí wa bí ẹni pé àná la ríra. Wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n fa síìpù rẹ̀ dé àgbọ̀n, wọ́n jókòó, wọ́n di irin ọkọ̀ mú gírígírí.

Ọ̀rẹ́ mi sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú omi, ó tan án. Omi tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣọ̀ọ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n tẹjú mọ́ omi tó ń tú yẹn, wọn kò tètè gbójú kúrò.

Mo bọ́ sómi. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta okùn náà fà mí, orókùn mi gbà, mo dìde. Inú mi dùn débi pé mo ń pariwo, omi iyọ̀ ń wọ̀ mí lẹ́nu, mo ń pariwo. Lẹ́yìn àwọn ará Dubai tó ń fi owó ńlá ṣe é, èmi ọmọ bẹ́ẹ̀dìsípéèsì, lẹ́yìn ọkọ̀ tèmi! Mo rí ẹ̀gbọ́n lókèèrè. Wọ́n ti fi irin sílẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń kígbe ohun tí n kò gbọ́.

Nígbà tí ó rẹ̀ mí, ọkọ̀ yí padà wá gbé mi. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, wọ́n fà mí wọlé, omi mi dà sí wọn lára, sára bàtà aláwọ yẹn. Wọn kò tètè fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Mo ti lọ bá bàbá yẹn," wọ́n ní. "Níwájú àwọn oní-táyà ni mo ti sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo sítáàtì ẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Mo bẹ̀ wọ́n." "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. O fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó o dákẹ́. Má bínú, àbúrò."

N kò tíì gbọ́ kí àgbà kan bẹ̀ mí láyé mi. Ẹsẹ̀ mi ló dá wọn lóhùn kí ẹnu mi tó ríbi gbà. Mo ti wà lórí orókùn mi nínú ọkọ̀, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ẹkún ti gbà mí lẹ́nu.

"Dìde jàre," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Òkun ńlá báyìí, o dúró lórí ẹ̀. Èmi wá lo fẹ́ máa kúnlẹ̀ fún?"

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo sì dìde.